Apá Idẹ Tó Ń Tọ́ka sí Mẹ́kà

Ẹ bá mi gbé ohun idẹ orí pẹpẹ yẹn wá, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, nítorí ó wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Ọ̀kan nínú yín bi mí lánàá bóyá rúlà ilé ìwé àtijọ́ ni. Mi ò bínú. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹ̀rọ tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ dúró sórí ilẹ̀, tí ẹ ń mu tíì títí yóò fi parí iṣẹ́ rẹ̀, níbo ni ẹ óò ti mọ̀ ọ́n? Rúlà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo àwo pẹlẹbẹ méjì tó dúró ṣánṣán ní orí àti ìdí rẹ̀. Ihò tín-ín-rín wà lára ọ̀kan. Irun ẹṣin kan ṣoṣo ni a nà sáàárín ìkejì. Ẹni tó bá fi ojú kan sí ihò yìí, tó sì mú irun náà bá igun ilé tó ń wò lọ́ọ̀ọ́kán mu, kò ní ohun mìíràn láti ṣe ju kí ó fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà náà sórí ìwé. Ìlà yẹn ni ọ̀nà tí ojú rẹ̀ gbà. Orí tábìlì kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni àwa ti ń ya ilẹ̀, níta, nínú oòrùn, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì wà níwájú wa, tó ń wo ohun tí a ń sọ nípa rẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, nítorí orúkọ náà wà lára ohun tó mú mi ṣìnà. Àwọn Faransé ń pè é ní alidade. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ wọn láìyọ lẹ́tà kan. Àwọn ará Sípéènì àti Ítálì ń pè é ní alidada. Àwọn Jámánì ń kọ ọ́ ní Alhidade. Bí orúkọ wọ̀nyí ṣe jọra tó, ohun tí wọ́n ń fi wọ́n pè kò dọ́gba. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, rúlà orí tábìlì yìí ló sábà máa ń jẹ́, àfi àwọn atukọ̀ òkun wọn tí wọ́n ń fi í pe ojú ìwò tí a gbé lé kọ́ńpáàsì. Lọ́dọ̀ àwọn Jámánì, gbogbo apá òkè ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀, èyí tó ń yí lórí ìdí rẹ̀, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ṣáájú gbogbo wọn, ọ̀pá tó ń yí lórí àwo tí àwọn àgbà onímọ̀ ìràwọ̀ fi ń wọn ojú ọ̀run ló ni orúkọ náà. Kò sí èdè Yúróòpù kan tó bí i. Àwọn Lárúbáwá ló ni ín: al-idáádà. Lẹ́tà àyìn tó ṣíwájú rẹ̀, tí ó ń ti ìsàlẹ̀ ọ̀fun jáde, ni Yúróòpù kò rí ibi fi sí. Àwọn tó fi h kọ ọ́ ní Látìn, ó dà bí ẹni pé àlàfo yẹn ni wọ́n fẹ́ dí. Àwọn tó kù fi í sílẹ̀ sẹ́nu ibodè. Nínú ìdílé ọ̀rọ̀ kan náà ni adud wà, ìyẹn apá ènìyàn, láti èjìká dé ìgbọ̀nwọ́. Òpó méjì tó di ẹnu ọ̀nà ilé mú náà ń jẹ́ idáádà. Ohun tó bá dúró ti ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò jẹ́ kí ó yẹ̀, ni ìdí ìtumọ̀ rẹ̀.

Ìlú Jẹ́dà ni mo ti mọ gbogbo èyí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ àdéhùn fún iléeṣẹ́ kan tó ń ya àwòrán ojú ọ̀nà. Ìwé kò tó. Ènìyàn ló kọ́ mi. Músíbáù lorúkọ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Mahjar, ní gúúsù ìlú, níbi tí òòlù ti ń dún láti òwúrọ̀ títí dé ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá ti débẹ̀, ẹ óò gbọ́ irin lórí irin, ẹ̀rọ tó ń lọ ojú mọ́tò, àwọn ará Yẹ́mẹ̀n tí ń pe ara wọn láti ṣọ́ọ̀bù kan sí ìkejì, lẹ́yìn náà ohùn ìpè ìrun yóò là á já, ariwo náà yóò sì kú lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pa iná. Mo ṣì ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn ju ariwo rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ Músíbáù ni títún ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ ṣe. Bàbá bàbá rẹ̀ ló fi ẹsẹ̀ rìn gba Sùdáànì wá ṣe Hájì láti ilẹ̀ Yorùbá, tí kò padà mọ́. Mẹ́kà ni wọ́n bí Músíbáù sí, kò sì fojú kan ilẹ̀ wa rí, ṣùgbọ́n Yorùbá ẹnu rẹ̀ dàgbà ju tèmi lọ, nítorí lẹ́nu ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ, ìyá rẹ̀ sì kọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ti kú.

Muhándìsì ló máa ń pè mí, bí wọ́n ti ń pe gbogbo oníṣẹ́ ẹ̀rọ níbẹ̀. Òun ló rí rúlà idẹ yìí láàárín àwọn irin àlòkù, tó nu ún, tó tún ojú rẹ̀ ṣe kí ó tó di tèmi. Nígbà tí irun ẹṣin rẹ̀ já ní ìgbà àkọ́kọ́, mo gbé e lọ bá a. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Irun orí yín ni ǹ bá fi rọ́pò rẹ̀, Muhándìsì, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ ò ní èyí tẹ́ ẹ lè yọ̀ǹda."

Àní nígbà yẹn, iṣẹ́ orí tábìlì ti ń di ohun àná. Inú àwọn ọ̀nà tóóró àdúgbò àtijọ́, tí ẹ̀rọ ńlá kò ti lè ríran jìnnà, nìkan ni iléeṣẹ́ wa ṣì ti ń lò ó. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ìyà rẹ̀ náà kò kéré. Ní ọjọ́ kan, atẹ́gùn òkun ṣí ìwé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì kúrò lórí tábìlì mi, ó gbé e wọ ilé ìyan búrẹ́dì. Kí n tó sáré débẹ̀, ọkùnrin Áfúgánì tó ni ín ti fi dì búrẹ́dì gbígbóná fún oníbàárà, oníbàárà náà sì ti wọ mọ́tò. A bá a níwájú iná ojú pópó. Òróró ti rin ìwé náà. Nígbà tí ọ̀gá mi rí i, ó bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé erékùṣù wo ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí láàárín òkun.

Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni èmi àti Músíbáù ti ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ. Mo ní ìwé pẹlẹbẹ kan tí mo ń kọ ọ́ sí: bí èdè yìí ti ń pè é, bí tọ̀hún ti ń pè é, ibi tí ìtumọ̀ ti yà. Músíbáù ń gbọ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní àwọn Òyìnbó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ, wọ́n lò ó ní ẹgbẹ̀rún ọdún, wọ́n wá fi rán mi padà síbí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń dá ohun tí a yá padà. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn púpọ̀. Ó wọ̀ mí lórí.

Àdúgbò Tandabáwì ní Mẹ́kà ni ilé ìyá rẹ̀ wà. Àlàájà Rábíátù ni a ń pè é; Ìyá ni mo ń pè é. Ilé àtijọ́ ni, olókùúta, alájà méjì, ilẹ̀kùn pátákó tó wúwo, ojú fèrèsé onígi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Ọkọ rẹ̀ ti kú nínú ilé náà. Láti ìgbà tó ti ní ẹsẹ̀ tó lè gbé e, ohun kan wà tí kì í yẹ̀: bí wọ́n bá ti kírun alásàrí tán, yóò gbé kúbúsù ìkírun rẹ̀ sápá, yóò fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Hárámù, mọ́sálásí ńlá tó yí Káábà ká, kò sì ní dé títí wọn yóò fi kírun ìṣáì. Orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún nígbà tí mo mọ̀ ọ́n. Ó ní ibi mẹ́ta tó ti máa ń jókòó sinmi lójú ọ̀nà, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ a sì ti gbé àpótí jáde dè é. Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé ilé kì í ṣe ilé lójú òun bí ènìyàn kò bá lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Káábà.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà tuntun dé. Gbogbo àdúgbò gbọ́ pé a óò la ọ̀nà gbòòrò kan já, a óò sì wó ilé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ilé tó kàn. Ní àkókò kan náà, obìnrin ará Kánò kan, ọ̀rẹ́ Ìyá láti ìgbà èwe, ń kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Tá'ífù. Yàrá rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ilé kan ní òdìkejì àdúgbò, kò sí àtẹ̀gùn, ó sì tún sún mọ́ Hárámù. Ó ní òun yóò dá a dúró de Ìyá títí oṣù Ṣàbáánì, èyí tó ṣíwájú oṣù ààwẹ̀, yóò fi parí. Bí kò bá fẹ́, òun yóò fún ẹlòmíràn. Ìyá kò fẹ́ fi ilé ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ láìnídìí. Kò sì fẹ́ kí wọ́n wó o mọ́ òun lórí. Ó bi mí pé, ìwọ tó ń wọnlẹ̀, ṣé ọ̀nà yẹn kàn wá?

Mo ní ẹ̀dà ìlà ọ̀nà náà nínú iléeṣẹ́. Ilé kọ̀ọ̀kan kò sí lórí rẹ̀. Mọ́sálásí àti àwọn ibi ńlá nìkan ló wà níbẹ̀. Bí mo bá lè fi igun ilé Ìyá sórí ìwé yẹn níbi tó yẹ, ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀ yóò hàn. Ní Ọjọ́bọ̀ kan tí kò sí iṣẹ́, èmi àti Músíbáù gbé tábìlì lọ.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níhìn-ín. Kí a tó fa ìlà kankan, a gbọ́dọ̀ yí tábìlì títí ìwé yóò fi kọjú sí ibi tí ilẹ̀ gan-an kọjú sí. A ń fi ibi tí a mọ̀ lórí ìwé, tí ojú sì rí, ṣe èyí. Àwọn irin tí iléeṣẹ́ rì mọ́lẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, agbáṣẹ́ṣe ti hú wọn. Ilé gíga ti bo àwọn ilé ìpèrun Hárámù lójú wa. Irin inú kọnkéré àti àwọn mọ́tò ń fa abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì síbí sọ́hùn-ún. A dúró níwájú mọ́sálásí kékeré àdúgbò, níbi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti kírun àílà, mo sì wo ògiri gábàsì rẹ̀, èyí tó yẹ kí ó kọjú sí Káábà. Mọ́sálásí yìí wà lórí ìwé mi. Káábà náà wà lórí ìwé náà. Mo fa ìlà láti èkíní sí èkejì, mo gbé rúlà idẹ lé e, mo ní kí a yí tábìlì títí rúlà náà yóò fi dojú kọ ògiri yẹn gan-an, láìṣègbè sọ́tùn-ún tàbí sósì.

Músíbáù fi ọwọ́ kan ògiri náà. Ó ní, "Ṣé ẹni tó mọ ògiri yìí mọ̀ pé a óò fi wọnlẹ̀ lọ́jọ́ kan?"

Mo ní, "Níbo láyé ni ògiri mọ́sálásí yóò ti tọ́ bí kò bá tọ́ ní Mẹ́kà?"

Ó bá mi yí tábìlì náà, nítorí Mùsùlùmí ni, ọmọ Mẹ́kà sì ni. Èmi pẹ̀lú, ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń wo bí ọ̀rọ̀ náà ti yí ká ayé tó sì padà sílé: al-idáádà, lórí tábìlì, ní Mẹ́kà, tí ó ń gba ìtọ́sọ́nà lọ́wọ́ gábàsì. Ẹwà rẹ̀ ni mo rí. Mi ò wá ẹ̀rí mìíràn. Ǹ bá ti gun òrùlé ilé kan lọ wò bóyá orí ilé ìpèrun kan á hàn. Mi ò gùn ún. A wọn ilé náà, mo gbé e sórí ìwé, ìlà ọ̀nà sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá pẹ̀lú àlàfo tó tó yàrá méjì.

Mo wọlé, mo sọ fún Ìyá pé ọ̀nà kò kàn án. Ó wò mí lójú.

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Ìyá."

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó ránṣẹ́ sí obìnrin ará Kánò pé kí ó fún ẹni tó bá nílò yàrá náà.

Ààwẹ̀ ọdún yẹn dùn, n kò lè purọ́. Mo ń ti Jẹ́dà wá ṣínu lọ́dọ̀ wọn. Àkàrà Ìyá máa ń wà níbẹ̀, àti sàmbúsà, àti ohun mímu pupa tí wọ́n ń pè ní sùbíyà, tí ó ń tutù nínú ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi Sàmúsàmú. Ní ọjọ́ ìtúnu, Sáfíyà ọmọ rẹ̀ obìnrin kó àwọn ọmọ tirẹ̀ wá láti àdúgbò Sàbíìlì ní Jẹ́dà. Ìyá ń kí wọn ní Yorùbá, wọ́n ń dá a lóhùn ní Lárúbáwá, ó ń fi ẹ̀rín bá wọn jà. Ó kí mi níwájú gbogbo àlejò. Ó ní èmi ni mo jẹ́ kí òun sùn láti Ṣàbáánì. Mo jẹun yó níbẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí àwọn òṣìṣẹ́ fi dé pẹ̀lú ọ̀dà pupa. Wọ́n kọ nọ́ńbà ilé tí wọ́n máa wó sára òpó ẹnu ọ̀nà Ìyá. Músíbáù pè mí lórí tẹlifóònù ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ló sọ, pé kí n wá wo ilé. Nígbà tí mo dé, a kò bá ara wa jà. Bóyá ìyẹn ìbá sàn. A jókòó, a tẹ́ ìwé náà, a tún gbogbo rẹ̀ wò, a kò rí àṣìṣe kan. Ìpè ìrun alásàrí dún. A lọ sí mọ́sálásí kékeré yẹn.

A tò sílà, èjìká sí èjìká, apá mi kan apá Músíbáù. Bí mo ti tẹrí ba ni mo rí ẹsẹ̀ mi. Ìlà tó wà lára kápẹ́ẹ̀tì, èyí tí a fi ẹsẹ̀ wa lé, kò bá ògiri iwájú lọ. Ó ṣègbè díẹ̀ sọ́tùn-ún. Gbogbo wa ló ṣègbè bẹ́ẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà títí dé igun. Ìmáàmù pàápàá ti yí ara rẹ̀ díẹ̀ nínú míhúrábù, kọ̀rọ̀ ara ògiri iwájú tó ti ń darí ìrun, kó tó gbé ọwọ́ sókè. Kò sẹ́ni tó ń fi ojú ògiri yẹn kírun. Ní Ọjọ́bọ̀ ọjọ́sí, èmi náà ti dúró níbí fún ìrun àílà, mo ti yí ara mi pẹ̀lú wọn láìronú, lẹ́yìn náà mo jáde, mo sì gba ògiri gbọ́; bí ògiri ti ṣègbè ni tábìlì mi ṣègbè, ilé Ìyá sì bọ́ sí ibi tí kò sí lórí ìwé. Ara mi mọ̀ ọ́n. Apá mi tó kan apá ẹnìkejì mi mọ̀ ọ́n. N kò mọ ohun tí mo kà nínú ìrun yẹn títí a fi sálámà.

A wọlé lọ sọ ọ́ fún Ìyá. Mo kúnlẹ̀ sọ ọ́. Ó ní kí n dìde. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé fún wa, láìgbé ohùn sókè, pé nígbà tí wọ́n ń kọ́ mọ́sálásí náà, onílé tó wà nígun kò fẹ́ yọ̀ǹda ilẹ̀, wọ́n sì mọ ògiri tẹ̀lé ọ̀nà. Ẹni tó na okùn tí wọ́n fi tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sọ́nà tó tọ́ ni ọkọ òun.

Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Bàbá rẹ ni. Gbogbo obìnrin àdúgbò yìí ló mọ̀. Ẹ̀yin méjèèjì gbé tábìlì kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi, ẹ ò bi mí."

Yàrá obìnrin ará Kánò ti ní olówó orí tirẹ̀ láti oṣù Ṣàbáánì. Ìdílé kan láti Ṣáàdì ló wà níbẹ̀, obìnrin wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. A wá òmíràn káàkiri. Gbogbo ẹni tí ọ̀dà pupa kàn ló ń wá a. Nígbà tí ọjọ́ pé, Sáfíyà wá kó ìyá rẹ̀ lọ sí Sàbíìlì. Ó gbé kúbúsù ìkírun rẹ̀ sápá wọ mọ́tò, bí ẹni tó ń lọ sí ibi tó máa ń lọ.

Ẹ ò ní rí ilé yẹn mọ́, bí ẹ tilẹ̀ lọ ṣe Hájì lọ́la. Ẹ ò ní rí mọ́sálásí náà, tàbí àpótí àwọn oníṣọ́ọ̀bù mẹ́ta yẹn. Iṣẹ́ tábìlì náà ti tán. Ẹ̀rọ yín kò ní bi ògiri léèrè ohunkóhun, èyí sì dára, mi ò bá yín jiyàn. Ìwé tí mo ń ṣa ọ̀rọ̀ sí ṣì wà. Láti ọjọ́ ìrun yẹn, n kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un.

Ìyá lo ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ní Sàbíìlì kí ó tó kú. Músíbáù ló gbé rúlà yìí padà fún mi lẹ́yìn ìsìnkú, nítorí ọ̀dọ̀ Ìyá ló wà. Bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ kẹ́yìn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń gbé Ìyá lọ sí Hárámù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Orúnkún náà kò gba jíjókòó nínú mọ́tò. Ó di oṣooṣù, lẹ́yìn náà ó dáwọ́ dúró. Mo ń kí i lẹ́yìn iṣẹ́. Yóò jókòó nídìí fèrèsé tó dojú kọ ògiri ilé kejì, yóò múra ní àkókò alásàrí bí ti tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kan ó ní, ìwọ tó ń wọnlẹ̀, apá ibo ni Hárámù wà láti ibi tí mo jókòó sí yìí gan-an? Mo sọ fún un pé mọ́sálásí ìsàlẹ̀ ilé lè fi hàn án. Mo mọ̀ pé èmi kọ́ ló yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀.

Mo lo ọjọ́ mẹ́ta. Mo so okùn olójé kọ́ sórí òrùlé ilé Sáfíyà, mo ń sàmì sí òjìji rẹ̀ ní òwúrọ̀ àti ní ọ̀sán, níbi tí wọ́n ti gùn dọ́gba. Mo pín àlàfo wọn sí méjì láti mọ àríwá, mo tún un ṣe ní ọjọ́ kejì, mo sì tún un ṣe ní ọjọ́ kẹta kí n lè rí i bóyá mo purọ́. Láti àríwá yẹn ni mo ti fi àwòrán ilẹ̀ wọn ìlà tó lọ sí Hárámù, mo sì fi okùn gbé e sọ̀ kalẹ̀ dé ojú fèrèsé rẹ̀. Mo kan rúlà idẹ náà mọ́ igi ìsàlẹ̀ fèrèsé. Músíbáù ti fi irun tuntun sí i.

Ìyá fi ojú sí ihò náà fún ìgbà díẹ̀. Ògiri ilé kejì nìkan ló wà níbẹ̀ láti rí. Ó fi ọwọ́ nu idẹ náà.

"Ó tọ́ báyìí?"

"Ó tọ́, Ìyá."

"Ó dáa," ó wí. "Nígbà tí Hárámù wà nítòsí, kò tọ́. Ó wá tọ́ báyìí, ó sì jìnnà."